Ìbéèrè Òǹkàwé: Ibo Ni A Ti Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Gboyè Ìjìnlẹ̀ Nínú Quantum Optics?

Láti ọdún 2025, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ quantum, ni àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé físíìsì ti ń kọ̀wé sí wa lórí ẹ̀ka yìí. Mẹ́ta nínú lẹ́tà wọn la mú jáde lóṣù yìí. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n, a sì gé èyí tó gùn jù kúrú díẹ̀.

Lẹ́tà kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo gboyè físíìsì pẹ̀lú two-one, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Bí ìtànṣán lésà ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá ń gba inú epo pupa àti òróró ẹ̀pà kọjá ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, láti ìgbà náà sì ni ọkàn mi ti fà sí quantum optics, débi pé mo fẹ́ kà á dé ipele ọ̀mọ̀wé. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n n kò rí ju méjì mẹ́ta lọ tó jẹ́ orúkọ yìí gan-an ni wọ́n pe ẹ̀ka wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa tó máa ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ìrìn-àjò sọ pé òun mọ ibì kan tí àyè ṣì kù, kí n mú ₦350,000 wá. Ṣé kí n san án? Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ gba oyè másítà? Àti pé, ṣé iṣẹ́ inú láàbù ni kí n dojú kọ ni àbí ti ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé n kò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ gidi rí?

Olùkọ́ ọ̀dọ́, Òṣogbo

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀ fún un. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta àyè ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé bí ẹni ń ta ìjókòó ọkọ̀ ní gáréèjì. Àwọn yunifásítì tí mo máa dárúkọ níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn tààrà, àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ni wọn yóò sì jókòó yẹ ìwé náà wò. Owó yẹn yóò wúlò fún ọ níwájú, nígbà tí o bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ máàkì rẹ níbi tí o ti jáde, tàbí tí o bá fẹ́ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí tí o kò fi rí ohun tí ò ń wá ni pé pátákó ẹnu ọ̀nà lo ń wá, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló yẹ kí o máa wá. Quantum optics ni ìmọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń hùwà nígbà tí a bá ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fótọ́ọ̀nù, àti bí fótọ́ọ̀nù wọ̀nyí ṣe ń bá átọ́ọ̀mù lò. Kì í ṣe ọmọ ilé kan ṣoṣo. Robert Hanbury Brown, tí òun àti Richard Twiss fi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ Sirius dán èrò wọn wò ní 1956, onímọ̀ ìràwọ̀ ni. Theodore Maiman, tó kọ́kọ́ mú kí lésà tàn ní 1960, inú láàbù iléeṣẹ́ aládàáni kan ní California ló ti ṣe é. Roy Glauber, tó wá gbé ìṣirò tó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ kalẹ̀ ní 1963, kálámù àti ìwé lásán ló fi ṣiṣẹ́ ní Harvard, ó sì di 2005 kí ẹ̀bùn Nobel tó kàn án. Àwọn tó bí ọmọ náà kò jọ gbé agboolé kan, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé inú ẹ̀ka físíìsì ló wà ní yunifásítì kan títí dòní, tí ó sì wà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní òmíràn.

Wo Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Institute of Optics, láti 1929 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ fótọ́ọ̀nù ti wáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka físíìsì yunifásítì kan náà ni Leonard Mandel wà, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi hàn ní 1977 pé fótọ́ọ̀nù tí átọ́ọ̀mù kan ń tú jáde kì í jáde ní méjì-méjì, ẹyọ kan á jáde ná kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ní 1987, ikọ̀ rẹ̀ yìí tún fi hàn pé bí fótọ́ọ̀nù méjì tó jọra bíi ìbejì bá pàdé lórí dígí tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ gbà jáde. Ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Institute of Optics nìkan láyé ìgbà yẹn lè máà mọ̀ pé ọkùnrin tí òun ń wá wà ní ẹ̀ka kejì.

Àwọn ibi tí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ náà sára ilé gan-an tún ní nǹkan mìíràn tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ilé ìwádìí Max Planck fún quantum optics wà ní Garching, lẹ́bàá ìlú Munich ní Jámánì, láti 1981. Ilẹ̀ Austria ní irú rẹ̀ ní Innsbruck àti Vienna láti 2003. Àwọn ilé ìwádìí wọ̀nyí kì í fúnni ní oyè. Ẹni tó bá ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Garching, yunifásítì ni yóò fún un ní oyè, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tó wà ní Munich, LMU tàbí TUM. Bẹ́ẹ̀ náà ni JILA, ilé ìwádìí kan tó wà ní Boulder ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé Yunifásítì Colorado ni oyè rẹ̀ ti ń wá, àti ICFO tó wà ní Castelldefels lẹ́bàá Barcelona, tí òun náà ń gba ọwọ́ yunifásítì fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní oyè. Bí o bá ń fi orúkọ ilé ìwádìí nìkan wá fọ́ọ̀mù, o lè yí ilé náà po lẹ́ẹ̀meje kí o má rí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí o bá tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tẹ àwọn orúkọ yìí: atomic, molecular and optical physics, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gé kúrú sí AMO, photonics, tí àwọn ẹlẹ́rọ fẹ́ràn, quantum information, àti quantum science and technology, tó jẹ́ orúkọ tuntun tí wọ́n fi ń pe oyè másítà ní Yúróòpù báyìí.

Ọ̀nà tí mo máa ń júwe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti wá èèyàn rèé. Ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ arXiv, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń kó àpilẹ̀kọ ìwádìí wọn sí láti 1991, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Wọ abala tí wọ́n pè ní quant-ph, kí o máa ka àkòrí àti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ kò lè yé ọ, kò sì gbọdọ̀ dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí o bá rí àkòrí mẹ́wàá tó mú ọ lọ́kàn, wo orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Nínú iṣẹ́ láàbù, orúkọ tó ṣáájú sábà máa ń jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe wàhálà rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì máa ń jẹ́ ti ọ̀gá tó ni láàbù. Orúkọ tó gbẹ̀yìn ni kí o kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, padà sí àpilẹ̀kọ tí ọ̀gá yẹn gbé jáde ní ọdún mẹ́fà tàbí méje sẹ́yìn, mú orúkọ àwọn tó ṣáájú nínú wọn, kí o sì wá ibi tí wọ́n wà lónìí. Bí o bá rí i pé wọ́n ti gboyè, tí ọ̀kan di olùkọ́, tí òmíràn wà níléeṣẹ́ tó ń ṣe lésà, ilé tó dára lo dé yẹn. Bí orúkọ wọn bá kàn pòórá lẹ́yìn ọdún méjì, rora. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìwádìí kékeré yìí ju gbogbo tábìlì tí wọ́n fi ń to yunifásítì láti ipò kìíní sí ipò ẹgbẹ̀rún lọ, torí pé tábìlì yẹn kò mọ irú ọ̀gá tí ìwọ yóò máa bá pàdé láàárọ̀.

Kí o tó lè ṣe èyí, o gbọ́dọ̀ mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí ò ń fẹ́, nítorí pé oko ńlá ni. Àwọn kan ń fi kírísítálì ṣiṣẹ́: wọn á tan lésà aláwọ̀ àlùkò, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 405 nánómítà, sínú kírísítálì kan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àìmọye fótọ́ọ̀nù tó ń kọjá, ẹyọ kan á pín sí méjì bí awẹ́ obì gbànja, tí gígùn ìgbì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì di 810 nánómítà bó bá pín dọ́gba. Irú fótọ́ọ̀nù tó so pọ̀ báyìí ni Anton Zeilinger ti Vienna lò fún àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ kí òun, Alain Aspect ará Faransé àti John Clauser ará Amẹ́ríkà jọ gba Nobel ní 2022. Mo gbà pé ẹ̀ka yìí ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù.

Àwọn mìíràn ń mú átọ́ọ̀mù so. Ní Innsbruck, átọ́ọ̀mù kálíṣíọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ń fi agbára iná gbé dúró sínú òfìfo, wọn á sì fi lésà bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Serge Haroche ní Paris yí i po: fótọ́ọ̀nù ló mú so, átọ́ọ̀mù ló sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àárín dígí méjì tí òtútù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n tí òtútù kò lè kọjá mọ́ ni fótọ́ọ̀nù kan ti ń fò síwá sẹ́yìn fún nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìrìn tó rìn láàárín àkókò yẹn sì tó 40,000 kìlómítà, ìyẹn bí ẹni yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Òun àti David Wineland ti Boulder ni wọ́n jọ gba Nobel 2012. Ẹ̀ka kẹta ni ti ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n ń pè ní squeezed light. Bí o bá fún ọ̀rá pure water, bí apá kan ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ ni apá kejì ń wú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún ariwo inú ìmọ́lẹ̀ kúrò níbi tí yóò ti dí wọn lọ́wọ́ lọ sí ibi tí kò ti ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Láti 2019 ni àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà, tó ń gbọ́ ìró ihò dúdú tó kọlu ara wọn lójú ọ̀run, ti ń lò ó nínú iṣẹ́ wọn.

O béèrè bóyá láàbù ni tàbí ìṣirò. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń yan ìṣirò, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o, àìsí irinṣẹ́ nílé ló lé wọn débẹ̀. Ó jẹ́ ohun ẹ̀rín àti ẹkún pé ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ ń sá fún láàbù nítorí pé iná kì í dúró. Má ṣe jẹ́ kí iléeṣẹ́ mànàmáná bá ọ yan iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ. Kò sí ọ̀gá láàbù tó ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti fọwọ́ kan irinṣẹ́ olówó ńlá rí. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá o lè fi ọwọ́ rẹ ṣe nǹkan, bóyá o lè jó wáyà pọ̀, bóyá o lè kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò gba èsì láti ara ẹ̀rọ, àti bóyá o máa ń sọ òótọ́ nípa àṣìṣe tó wà nínú ìwọ̀n rẹ. Epo pupa tí o tan lésà gbà yẹn, iṣẹ́ láàbù ni! Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ dáadáa: irú lésà tí o lò, iye ìgbà tí o wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ooru ọjọ́ náà ṣe yí èsì padà. Bí o bá sì rí i pé ìṣirò ni ọkàn rẹ fẹ́ lóòótọ́, kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí o sì gba QuTiP sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, fún ìṣirò quantum.

Ní ti oyè másítà, ó kù sí ọwọ́ ilẹ̀ tí o bá dorí kọ. Ní Amẹ́ríkà, láti oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gba èèyàn sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni, ẹ̀ka náà ni yóò sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, tí yóò tún máa fún ọ lówó oṣù fún kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní tàbí fún iṣẹ́ láàbù. Bí ẹ̀ka físíìsì kan níbẹ̀ bá gbà ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé tí kò sì dárúkọ owó, kọ̀ ọ́. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fún ọ di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin láti fèsì. Ìdánwò GRE ti físíìsì kò jẹ́ dandan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù wọn wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ tó pé. Òfin físà ń yí padà nígbàkigbà, pàápàá fún àwa ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ka ohun tí iléeṣẹ́ aṣojú wọn kọ sórí ojúlé wọn ní ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ sanwó gan-an, kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ lọ́dún tó kọjá.

Ní Yúróòpù, másítà ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ oṣù ni ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, wọ́n á kéde rẹ̀ bí iṣẹ́, wọ́n á sì fún ọ ní ìwé àdéhùn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba Jámánì kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àmọ́ TUM ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó wá láti òde Yúróòpù láti ìparí 2024, kí o má bàa dé ibẹ̀ kí ó tó yà ọ́ lẹ́nu. Bí o kò bá ní ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, wọ́n tún máa ń béèrè pé kí owó oúnjẹ ọdún kan ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní físà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, 11,904 yúrò ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ wá owó ìrànwọ́ DAAD ti ilẹ̀ Jámánì tàbí Erasmus Mundus ti Yúróòpù kí wọ́n tó gbé fọ́ọ̀mù. Ní Kánádà, ilé ìwádìí tó wà ní Waterloo láti 2002 ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà pàápàá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láàbù tó jíire ní Oxford, Imperial, Bristol, Durham àti Strathclyde, ṣùgbọ́n owó tó wà fún àlejò níbẹ̀ kò pọ̀, o sì máa nílò ATAS, ìwé àṣẹ tí ìjọba wọn fi ń yẹ àlejò tó fẹ́ ka irú ìmọ̀ yìí wò, kí o tó béèrè físà. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, àmọ́ ó ń jẹ àkókò. Singapore ní ilé ìwádìí kan tó ti wà láti 2007, wọ́n sì ń san gbogbo ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé wọn.

Má sì ṣe fo ilẹ̀ Áfíríkà kọjá. Ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ní láàbù tí ayé mọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fún ní bátànì, Stellenbosch ní ilé ìwádìí lésà, àwọn ará Yunifásítì KwaZulu-Natal sì fi fótọ́ọ̀nù ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń jáde láti pápá ìṣeré Moses Mabhida ní Durban nígbà ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2010. Ní ìtòsí wa ní Kútọnu, àwọn onímọ̀ ìṣirò tó wà lábẹ́ àga UNESCO ti Norbert Hounkonnou ń ṣe iṣẹ́ lórí coherent states, ìṣirò tó ń júwe irú ìmọ́lẹ̀ tí lésà ń tàn, èrò tí Glauber sọ di òpó ilé ẹ̀kọ́ yìí. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Ní Bràsíl, Luiz Davidovich ti Rio de Janeiro bá Haroche ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikọ̀ tó lágbára sì wà ní Yunifásítì São Paulo. Yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí yóò ná ọ ni èdè Potogí.

Ó ku lẹ́tà tí o máa kọ sí àwọn ọ̀gá láàbù. Nígbà tí èmi ń wá ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́tà kan náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rìnlélógójì. Ẹyọ kan péré ló dá mi lóhùn, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀bi mi ni: mo fi ìpínrọ̀ méjì kí wọn, mo fi ìpínrọ̀ kẹta yìn wọ́n, mi ò sì sọ ohun kan nípa iṣẹ́ wọn. Ìwọ, kọ ìlà mẹ́wàá péré. Sọ ẹni tí o jẹ́, àpilẹ̀kọ wọn tí o kà, ohun kan tí kò yé ọ nínú rẹ̀ tàbí tí o rò pé ó ṣẹ́kù láti ṣe, ohun tí o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe, kí o sì béèrè bóyá wọn yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àṣà wa ni kí a kí àgbà dáadáa kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, ṣùgbọ́n àgbà tí ò ń kọ̀wé sí yìí ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ní kà á dé ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ tí o ka iṣẹ́ wọn lóòótọ́ dára ju ogójì lọ.

Lẹ́tà kejì

Ẹ jọ̀wọ́, two-two ni mo fi jáde nínú físíìsì, nítorí àìsàn tó ṣe mí ní ọdún kẹta. Ṣé ọ̀nà quantum optics ti dí fún mi nìyẹn?

Ọmọbìnrin kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Kò dí, ó kàn yí ká ni. Àwọn ibi tó ń gbani láti oyè àkọ́kọ́ sí ọ̀mọ̀wé yóò ṣòro fún ọ ní tààrà. Nítorí náà, fi másítà tún orúkọ rẹ ṣe. O lè ṣe é ní ẹ̀ka físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀, kí o sì mú alábòójútó tó ń kọ àpilẹ̀kọ jáde lórí lésà tàbí ìṣirò quantum, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkòrí rẹ̀ kò bá tìrẹ mu pátápátá. Ohun tí yóò gbé ọ kọjá ni máàkì tuntun àti olùkọ́ tó lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tó ní ẹ̀rí nínú, kì í ṣe èyí tó kàn sọ pé ọmọ rere ni ọ́.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí n kò mọ ìdí tí àwọn ọmọ wa kì í fi í rántí. AIMS, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ti Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Muizenberg ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, tó sì ti ní ẹ̀ka ní Ghana, Senegal, Cameroon àti Rwanda, ń fúnni ní másítà ìmọ̀ ìṣirò láàárín ọdún kan, wọ́n sì ń gbé ìnáwó rẹ̀. ICTP, ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ tí kò lówó, ní ẹ̀kọ́ dípúlómà ọlọ́dún kan tí wọ́n ń sanwó fún. Kò ní abala tó ń jẹ́ optics, ti condensed matter, ìyẹn físíìsì ohun líle àti ohun olómi, ló sún mọ́ ọn jù. Ilé kan náà ló ń ṣe àpérò ìgbà òtútù lórí ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bá àwọn tó ti kà nípa wọn lórí ìwé jẹun lórí tábìlì kan náà.

Ní ti àìsàn ọdún kẹta, sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ìbéèrè rẹ, kí o tọ́ka sí bí máàkì rẹ ṣe gòkè lọ́dún kẹrin bí ó bá gòkè, kí o sì kọjá síbi iṣẹ́ rẹ. Má ṣe bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́tà kẹta

Ẹ kú àánú wa o. Ọmọ mi ọkùnrin ní ìmọ́lẹ̀ ni òun fẹ́ kà di dókítà, pé kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ó ní kí n ta ilẹ̀ mi kan tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ni ẹni tó kàwé ìmọ́lẹ̀ ń ṣe jẹun?

Ìyá ọlọ́jà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo mọ̀ pé orúkọ ẹ̀kọ́ náà kò dún bí ohun tó ń fi oúnjẹ sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n àwọn tó kà á ń ríṣẹ́ ṣe. Iná tí àwọn dókítà ojú fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, okùn dígí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wá sí Èkó, àwọn ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Donna Strickland ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Rochester nígbà tí òun àti ọ̀gá rẹ̀, Gérard Mourou, rí ọ̀nà tí wọ́n lè fi mú lésà lágbára gidigidi láìba ẹ̀rọ jẹ́. Ní 1985 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì fi gba Nobel ní 2018. Irú lésà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe kárí ayé. Iléeṣẹ́ tún wà tó ń fi fótọ́ọ̀nù ṣọ́ àṣírí báńkì, bí ID Quantique tó wà ní Geneva láti 2001, àti àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kọ́ irú kọ̀ǹpútà tuntun, bí Xanadu ní Toronto. N kò ní tàn yín: nílé níbí, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù fún wọn, bí ó ṣe ń lọ sí sì ni owó rẹ̀ ń lọ sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá lọ kì í tètè padà, kí ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kò yé mi. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún àbúrò wa ará Òṣogbo lókè, ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì jẹ́ ohun tí wọ́n ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ṣe. Owó ìdánwò, owó fọ́ọ̀mù, físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́, kò sì tó ilẹ̀. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá tó fẹ́ lọ bá, kí ni ọkùnrin tàbí obìnrin náà ń ṣe nínú láàbù rẹ̀, ta ni yóò sì máa san owó oṣù òun. Bí kò bá ní orúkọ ẹnì kankan láti pè, a jẹ́ pé kò tíì wá ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì wà níbi tó wà.